Èdè Wo Ni Kò Yé Wọn?

Ìwọ ọmọ mi tí o ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò, ọ̀rọ̀ tí kò sí ọjọ́ kan tí o kì í gbọ́ ọ, yálà nílé, lọ́jà, nínú ọkọ̀, tàbí lẹ́nu àwọn tí ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ náà ni èdè-àìyédè. Bí tọkọtaya bá gbé ohùn sókè sí ara wọn, tí àwọn ará ilé sì sáré wá là wọ́n, wọn a ní èdè-àìyédè ni. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú bá fi àga fọ́ ara wọn lórí ní ìpàdé, akọ̀ròyìn a ní èdè-àìyédè ṣẹlẹ̀. Bí ìlú méjì bá sun ilé ara wọn nítorí ààlà oko, àwọn tí a rán lọ ṣe ìwádìí a padà dé, wọn a sì ní èdè-àìyédè ni ó wà láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun kékeré àti ohun ńlá báyìí, tí ó ń ba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu bí bàtà tí kò ní ìwọ̀n, ó yẹ kí á tú u wò, kí á mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n àwa Yorùbá. Ìjà ni èyí tí ó dé ọwọ́. Asọ̀ ni èyí tí kò kọjá ẹnu, ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní gbólóhùn asọ̀. Kùnrùngbùn ni èyí tí kò tilẹ̀ dé ẹnu, tí ẹni tí ó ni ín gbé pamọ́ sí ikùn tí ó sì ń bá a sùn. Awuyewuye ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ń dún bí ohun tí ó ń sọ. Bí o bá gbọ́ fà-á-ká-já, ìwọ yóò rí àwọn ènìyàn tí wọ́n di okùn kan mú ní ìhà méjì, tí olúkúlùkù ń fà á kí ó lè já.

Iyàn wà pẹ̀lú. Ní ọdún kan tí mo ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ojú pátákó láìfi àmì kankan sí i, mo sì ní kí àwọn ọmọ kà á. Ọ̀kan rí oúnjẹ, ó ní iyán ni. Èkejì rí ọ̀rọ̀ àtakò, ó ní iyàn ni. Ẹ̀kẹta, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, rí àkókò tí oúnjẹ kò sí, ó ní ìyàn ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí iyàn, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé èmi náà ń gbádùn rẹ̀. Jiyàn, bí o bá tú u, jà àti iyàn ni. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó wà níbẹ̀ kò ní igi, kò ní òkúta. Ọ̀rọ̀ ni ohun ìjà, ọ̀rọ̀ náà sì ni ohun tí a ń jà sí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó. Ènìyàn méjì dúró ti ìkòkò kan. Ọ̀kan ní kí á gbọ́n omi sí i. A gbọ́n ọn, ẹnì kejì ní omi náà kò tó. A tún gbọ́n ọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bóyá ọkà ni wọ́n ń rò, bóyá àmàlà ni, ọ̀rọ̀ náà kò sọ fún wa. Ohun tí ó sọ ni pé ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, àti pé ohun tí ẹnì kìíní ń wí yé ẹnì kejì ketekete. Jọ̀wọ́ fi èyí sí ọkàn, nítorí pé a óò padà wá bá a.

Nísinsìnyí, kí á tú èdè-àìyédè. Yé ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò nígbà tí nǹkan bá hàn kedere sí ọkàn ẹni. Àì ni ó wá kọ̀ ọ́. Èdè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, èdè sì dúró ní ìparí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wà, a sọ ọ́, a gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò yéni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ìjà kan ní èdè-àìyédè ti dá ẹjọ́ náà kí ó tó jókòó. Ó ti sọ pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Etí àti ahọ́n ni ó jẹ̀bi, ta ni yóò sì na ahọ́n ní ẹgba?

Ó ṣòro kí ènìyàn gbé ní Ọ̀jọ́, ní Ìba tàbí ní Okokomaiko kí ó má mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ yìí, orúkọ àwọn Àwórì náà sì jẹ́ gbólóhùn kan. Ìtàn wọn sọ pé Ògúnfúnmínirè jáde láti Ifẹ̀, ó ń tẹ̀lé àwo kan tí ó léfòó lójú omi, títí àwo náà fi dé Ìṣẹrì tí ó sì rì síbẹ̀. Àwo ti rì ni wọ́n ń dá àwọn tí ó bi wọ́n léèrè lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ. Bí o bá kọrí sí ìhà Àgbádárìgì, wàá bá àwọn Ẹ̀gùn tí èdè wọn kì í ṣe Yorùbá rárá. Ọjà Alaba kún fún àwọn oníṣòwò Ìgbò. Àwọn ọmọ ogun tí ó wà ní bárékè Ọ̀jọ́ wá láti gbogbo ìhà Nàìjíríà, láti 1983 tí ìjọba sì ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Wọ ọkọ̀ danfo láti Mile 2, jókòó jẹ́ẹ́, tẹ́tí sílẹ̀: kí o tó dé Ìyànà-Ìba, wàá ti gbọ́ èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Àárín àwọn ọmọ Yorùbá gan-an, èdè a máa ṣi ara wọn gbọ́. Ọmọbìnrin kan ti apá kan ilẹ̀ Èkìtì dé láti wá gbé pẹ̀lú àbúrò ìyá rẹ̀ ní Okokomaiko. Ọmọ náà ní ìwà, ó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà tó sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí ó dé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó ní, “Ìyá, ṣé o jí dáadáa?” Àfi ìgbà tí a gbọ́ igbe. Ìyá arúgbó náà ju ìwé ẹ̀kọ sílẹ̀, ó ní òun ti dàgbà tó ẹni tí ó bí ìyá rẹ̀, òun sì ti wá di ẹni tí ọmọ àná ń pè ní “o”. Ọmọ náà kò mọ ohun tí ó ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Èkìtì, bí ènìyàn bá ń sọ ẹ̀ka èdè ibẹ̀, kì í sọ “ẹ” fún ẹni kan ṣoṣo, bí ẹni náà tilẹ̀ dàgbà tó òkè. Ìkúnlẹ̀ àti ohùn ni ó fi ń bọ̀wọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ jáde, ó ṣàlàyé. Ìyá arúgbó náà wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì mú ẹ̀kọ méjì lé e lọ́wọ́ láìgba owó. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, “Ìyá O” ni ó ń pe ọmọ náà, òun pẹ̀lú sì ń jẹ́ ẹ.

Èdè-àìyédè nìyẹn. Wò ó bí ó ti yára kú! Gbólóhùn mẹ́ta péré ni àlàyé náà, inú sì ti rọ̀. Mo rò pé ohun tí a lè fi mọ̀ ọ́n nìyí: bí a bá ṣàlàyé, a óò fẹ́ ẹ kù. Ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀ kò sí mọ́, nítorí pé kò tilẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àlàyé bá wá mú kí ìjà náà hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Bí olúkúlùkù bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì tán, tí ó sì dúró ní ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀? Nígbà náà, ohun mìíràn ni, a sì níláti wá orúkọ mìíràn fún un.

Ohun mìíràn náà kì í ṣe ibi nígbà gbogbo. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì jẹ́ alága wọn, láti fi ẹnu kò lórí bí a óò ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀ ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé kan ti ń kọ ọ̀rọ̀ kọ́ ni èkejì ń kọ ọ́. Wọ́n jiyàn, wọ́n sì fi ẹnu kò. Kò sí ẹni tí èdè kò yé níbẹ̀. Àwọn tí èdè Yorùbá yé jù ní ayé ìgbà náà ni. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí gbé wa dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, lẹ́yìn náà ni iyàn tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ní 1966, ní 1974 ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. “Aiye” di “ayé,” “enia” di “ènìyàn,” “ẹiyẹ” sì di “ẹyẹ.”

“Aiye” ni wọ́n fi kọ́ èmi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́, wọ́n ní kí n gbàgbé rẹ̀. Mo gbàgbé rẹ̀, bàbá mi kọ̀. Bí mo bá kọ lẹ́tà sí i, yóò fi gègé pupa tọ́ ọ sí ti àtijọ́, yóò sì fi ránṣẹ́ padà sí mi pẹ̀lú èsì. Ogún ọdún ni a fi ṣe èyí. Lẹ́tà mi yé e, lẹ́tà rẹ̀ yé mi, a kàn kò gbà fún ara wa ni. Mo ṣì ní àwọn lẹ́tà náà lọ́wọ́, n kò sì rò pé bàbá mi fẹ́ràn mi nínú ohun mìíràn tó bí ó ti fẹ́ràn mi nínú gègé pupa yẹn. Irú iyàn báyìí kò ní olè nínú, kò sì ní ẹni tí a rẹ́ jẹ. Ẹni tí ó bá ń sáré pe gbogbo rẹ̀ ní èdè-àìyédè, tí ó ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n dákẹ́, ń gba ohun rere lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà, òun gan-an ni ó mú kí n mú gègé mi. Òun ni ìgbà tí a bá fi èdè-àìyédè bo ìwà ipá.

Ìwọ ti kà á nínú ìwé ìtàn rẹ pé Dòsùnmú ọba Èkó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, tí ó sì fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi Èkó, Bedingfield ni ọ̀gá rẹ̀. Òun àti McCoskry, tí ó ń ṣojú fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà náà, gbé ìwé náà síwájú ọba. Ọba àti àwọn ìjòyè kọ̀. A fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ láti rò ó, ìbọn ńlá tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ń wo ìlú. Ọba fọwọ́ sí i. Inki náà kò tíì gbẹ tán tí Dòsùnmú fi kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria, tí ó ń rojọ́ pé wọ́n ti sọ fún òun pé wọn yóò yìnbọn lu ìlú bí òun kò bá gbà. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé èdè-àìyédè ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ọba kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ó fọwọ́ sí. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ òfin inú ìwé náà ṣókùnkùn sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, èdè ìbọn ńlá ńkọ́? Ṣé èyí pẹ̀lú kò yé e? Ó yé e dáadáa, nítorí rẹ̀ ni ó ṣe fọwọ́ sí i. Bí a bá sọ pé kò yé e, a sọ ọba di òpè, a sì sọ ẹni tí ó na ìbọn sí i di ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tí ó tọ́ ni pé a fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Etiópíà, òun sì ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù tí mo mọ̀, nítorí pé èdè wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ní 1889, Menelik bá ìjọba Ítálì ṣe àdéhùn ní Wuchale. Èdè méjì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Ní ẹsẹ kẹtàdínlógún, ti èdè Amhariki sọ pé Menelik lè rán Ítálì ní iṣẹ́ sí àwọn ìjọba mìíràn bí ó bá wù ú. Ti èdè Ítálì sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “gbọ́dọ̀” ni, Etiópíà ti di ẹrú. Menelik rí i, ó ké gbàjarè, ó kọ àdéhùn náà. Fi ìyá arúgbó ẹlẹ́kọ wé e. Àlàyé ti dé. Bí ó bá jẹ́ pé etí ni ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, Ítálì yóò sọ pé, “Háà, a ṣì í,” wọn yóò sì tún un kọ. Wọn kò tún un kọ. Wọ́n kó ogun wá, Menelik sì ṣẹ́gun wọn ní Adwa ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1896. Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi gbà nínú ìwé mìíràn pé Etiópíà kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. “Lè” àti “gbọ́dọ̀” ti yé wọn láti ọjọ́ kìíní.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọba nìkan ni. Ní agbègbè tiwa yìí, ẹnì kan yóò ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn mẹ́ta, yóò gba owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn mẹ́ta náà yóò pàdé lórí ilẹ̀ náà, olúkúlùkù pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti iyanrìn tirẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìjà, ẹni tí ó gba owó wọn yóò sì wà nínú ilé rẹ̀ tí ó ń jẹun. Gbogbo wọn gbọ́ ara wọn yé. Ìdí nìyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ní 2016, tí ó sọ iṣẹ́ ajagungbalẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kò sí òfin tí ó ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí pé ọ̀rọ̀ kò yé e.

Ìwọ lè bi mí pé, “Bàbá, ṣé àwọn àgbà tí ń lo ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni?” Wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo ti jókòó ní ìpàdé ẹbí, mo sì ti rí i bí àgbà tí ó gbọ́n ti ń lò ó. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jà, ẹ̀gbọ́n ti mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ogún bàbá wọn. Àwọn àgbà pe ẹ̀gbọ́n wọ yàrá ní òru, wọ́n bá a wí títí ó fi sunkún, ó dá nǹkan náà padà, ó sì bẹ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí gbogbo ẹbí péjọ, olórí ẹbí dìde, ó ní èdè-àìyédè kékeré kan ni ó ti wà, Ọlọ́run sì ti bá wa parí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Kì í ṣe irọ́ ni bàbá náà pa. Aṣọ ni ó fi bo ọmọ rẹ̀ kí ó lè bá àwọn ẹlòmíràn jókòó. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn àgbà sì fẹ́ kí àwọn ọmọ bàbá kan náà ṣọ̀rẹ́ padà. Ṣùgbọ́n wo bí ohun gbogbo ti tò tẹ̀ lé ara wọn: a kọ́kọ́ wẹ egbò, lẹ́yìn náà ni a dì í. Olórí ẹbí tí ó bá fo yàrá òru yẹn, tí ó bọ́ sí gbangba tí ó ní èdè-àìyédè ni, nígbà tí nǹkan náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un, àbúrò ni ó dì ní ẹnu, kì í ṣe egbò ni ó dì.

N kò kọ́ èyí nínú ìwé. Èmi náà ti ṣe olórí ẹbí tí ó fo yàrá òru.

Mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní agbègbè yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹfà tí ó máa ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kẹta kan ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ọmọ kékeré náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó kọ̀, ó ní òun kò ní fún un mọ́. Èyí àgbà lù ú lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Àwọn ọmọ mẹ́rin rí wọn, ẹnu wọn sì kò nígbà tí mo bi wọ́n léèrè. Kò sí ohun kankan tí ó ṣókùnkùn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Agbaṣẹ́ṣe ni bàbá ọmọ kíláàsì kẹfà. Òrùlé kíláàsì méjì ń jò ní ilé-ìwé wa, ó sì ti ṣèlérí ní ìpàdé àwọn òbí pé òun yóò fi páànù tuntun kàn án kí òjò tó dé. Ìyá ọmọ kejì jẹ́ Ẹ̀gùn, ó ń ta ẹja yíyan. Mo pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì mi. Mo gbé àga fún agbaṣẹ́ṣe náà. Ìyá ẹlẹ́ja dúró, n kò sì rántí pé mo ní kí ó jókòó. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo sọ pé ọmọdé ni ọmọdé ń jẹ́, pé ahọ́n àti ẹnu a máa jà, pé èdè-àìyédè ni ó wà láàrin àwọn ọmọ méjèèjì, kí á gbàgbé rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni mo sọ.

Ìyá náà wò mí. Ó ní, “Ọ̀gá, èdè wo ni kò yé wọn?”

Nísinsìnyí ni mo fẹ́ kí o rí irú ènìyàn tí mo jẹ́ ní ọjọ́ náà. Mo rò pé nítorí pé Ẹ̀gùn ni, ọ̀rọ̀ náà ni kò yé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un! Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí a fi ń kọ́ ọmọdé sọ fún un pé, bí àwa Yorùbá bá sọ pé èdè-àìyédè, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé èdè kò yé ara wọn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, ó fi Yorùbá tí ó dán ju tèmi lọ sọ pé: “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọmọ wọn ní, ‘Mú owó wá.’ Ọmọ mi ní, ‘N kò mú un wá.’ Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yé àwọn méjèèjì.”

Ó kí wa, ó sì jáde. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ kò wá sí ilé-ìwé, kò sì wá mọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìhà Àgbádárìgì. Agbaṣẹ́ṣe kan páànù náà, mo sì níláti sọ òtítọ́ pé páànù tí ó dára ni. Kò jò títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ń rọ̀, tí àwọn ọmọ jókòó sínú gbígbẹ, tí mo sì ń gbọ́ ariwo òjò náà lórí páànù, ìbéèrè ìyá náà a máa padà wá bá mi.

Ìwé ńlá kan wà tí ọ̀gá ilé-ìwé máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ohun tí a bá ti kọ sínú rẹ̀ rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì, bí mo ti ń kó ẹrù mi jọ, mo ṣí i wò, mo sì wá ọjọ́ náà. Ọwọ́ mi ni, mo kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn lórí rẹ̀: “Èdè-àìyédè láàrin akẹ́kọ̀ọ́ méjì. A ti parí rẹ̀.” Mo wá gègé pupa. Abẹ́ rẹ̀, níbi tí àyè kékeré ṣẹ́kù, ni mo kọ ọjọ́ tí a wà sí, mo sì fi kún un pé: “Ọ̀kan gba owó èkejì, ó sì kán an ní eyín. Ọ̀gá ilé-ìwé mọ̀.” Mo fọwọ́ sí i, mo sì gbé ìwé náà fún ẹni tí ó gba ipò mi.